Bàbá Náà Ń Lọ Sí Iléèwé

Nígbà tí a wà ní ọdún kìíní, ọkùnrin kan wà nínú kíláàsì wa tí gbogbo wa ń pè ní Dádì. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni. Ó ti lé ní ogójì ọdún, ó ti bí ọmọ mẹ́ta, ó sì ti fi ọdún mẹ́rìnlá ṣiṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kó tó wọlé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wọ kíláàsì, bí ìdajì wa ló dìde kí i, torí a rò pé olùkọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ibẹ̀ ló sì ń jókòó sí títí ọdún yẹn fi parí.

Ohun tí mo rántí jù nípa rẹ̀ ni bí ahọ́n àwọn olùkọ́ ṣe máa ń kọsẹ̀ tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nínú kíláàsì gírámà Yorùbá, olùkọ́ kan tí kò tíì tó ẹni ọdún márùndínlógójì á máa pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ìwọ, sọ èrò rẹ." "Ìwọ tó wà lẹ́yìn yẹn, dìde." Tó bá wá kan Dádì, ohùn rẹ̀ á yí padà: "Ẹ̀yin ńkọ́, sà, kí lẹ rí sí i?" Gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé wọn kì í sábà bi í ní ìbéèrè tó le. Wọn ò fẹ́ kó ṣì í lójú àwa ọmọdé.

Ẹ̀yin ará ẹ̀ka wa, ẹ mọ ohun tó fà á. Òyìnbó ní "you" kan ṣoṣo tó ń lò fún ọba àti ìránṣẹ́. Tiwa ní ká yan kí a tó lanu: o tàbí ẹ, rẹ tàbí yín. Bí a bá sì ti yàn, a ti sọ ibi tí kálukú dúró. Iléèwé ti pín tirẹ̀ tipẹ́: olùkọ́ ni ẹ, akẹ́kọ̀ọ́ ni o. Ilé náà ti pín tirẹ̀: bàbá ni ẹ, ọmọ ni o. Ọjọ́ tí bàbá bá di akẹ́kọ̀ọ́, ètò méjèèjì á forí gbárí, kò sì sí arọ́pò-orúkọ kẹta tí a lè sá sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àpárá lásán ni ìbá jẹ́ fún mi, bí kì í bá ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí mo wà ní ọdún kejì.

Rewáyà ni bàbá mi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní apá Sábó, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ náà kí wọ́n tó bí mi. SS2 ló wà lọ́dún 1992 nígbà tí bàbá tirẹ̀ kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ó fi ọdún mẹ́rin kọ́ṣẹ́, ó ṣe fíríídọ̀ọ̀mù, ó dá dúró. Iṣẹ́ yẹn ló fi fẹ́yàwó, òun ló fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Tí iná ọkọ̀ kan bá ń ṣe ségesège, bàbá mi lè gbé etí lé e kó sọ ibi tí wáyà ti já. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń sọ pé ọ̀gá àwọn ń gbọ́ èdè bátìrì.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti yí padà. Èyí tó ń wọlé báyìí, kọ̀ǹpútà ló kún inú rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ so ẹ̀rọ mọ́ ọn kó ka ohun tó bá kọ jáde. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń kọ. Bàbá mi ra ẹ̀rọ kékeré kan, ó so ó mọ́ ọkọ̀ oníbàárà kan, lẹ́tà àti nọ́ńbà jáde, ìtumọ̀ wọn sì tò sísàlẹ̀ bí ojú ìwé Bíbélì. Oníbàárà bi í pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ní kó jẹ́ kí òun pe ẹnì kan. Ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní poli ló pè, ọmọ náà kà á, ó tọ́ka síbi tó bàjẹ́, bàbá mi sì tún un ṣe láàárín ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí oníbàárà fẹ́ sanwó, ọmọ tó kàwé ló kó owó náà fún.

Bàbá mi kò sọ ìtàn yìí fún wa lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ó pè mí lórí fóònù ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó ní, "Àjọkẹ́, èló ni wọ́n ń ta fọ́ọ̀mù GCE báyìí?" Mo rò pé àbúrò mi ló fẹ́ rà á fún. Mo sọ iye tí mo gbọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Èmi ni mo fẹ́ kọ ọ́."

Ìyá mi kò bínú, ṣùgbọ́n kò pàtẹ́wọ́ náà. Gààrí àti láfún ni wọ́n ń tà, wọ́n sì mọ iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde dé orí náírà kan. Èmi ń bẹ ní yunifásítì, àbúrò mi fẹ́ kọ WAEC, àwọn méjì tó kéyìn ṣì wà ní JSS. Wọ́n ní, "Bàbá Bùkọ́lá, mi ò ní kí ẹ má lọ. Owó iléèwé ẹni mélòó la fẹ́ máa san nínú ilé yìí ni mo ń béèrè." Ìbéèrè tó tọ́ ni. Bàbá mi ronú sí i ní alẹ́ méjì. Ibi tí wọ́n fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí ni pé owó tó bá wọlé láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ti ilé àti ti ọmọ. Ti ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ni bàbá lè fi kàwé, ìyá mi ni yóò sì máa tọ́jú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀, torí mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé àgbàlagbà tó bá padà sí iléèwé ń wá oyè tí yóò fi yangàn. Ó yẹ kí ará Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ ẹni tí wọ́n fi sọ yunifásítì tó wà nílùú wa, Ládòkè Akíntọ́lá, bàbá tó padà sí iléèwé ni. Ọdún 1910 ni wọ́n bí i sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ṣe tíṣà ní Baptist Academy l'Ékòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Daily Service, ó ti láya, ó ti bímọ, kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú òyìnbó lọ́dún 1946. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni nígbà yẹn. Ibẹ̀ ló ti kẹ́kọ̀ọ́ òfin kó tó padà wálé láti wá di ẹni tí gbogbo wa mọ̀. Nígbà tí wọ́n dá yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1990, tí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó di pé gbogbo ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ń sáré láti Under G lọ kọ ìdánwò, orúkọ bàbá kan tó kàwé lẹ́yìn tó bímọ ló wà lára aṣọ wọn.

Awólọ́wọ̀ náà rìn ín. Ó ti ní ìyàwó àti ọmọ nígbà tó fi ilé rẹ̀ ṣe iléèwé, tó ka ìwé ìṣòwò fún Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù láìkúrò ní Nàìjíríà, tó sì gboyè B.Com. lọ́dún 1944. Ọdún yẹn kan náà ló lọ kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá àwọn ọmọ rẹ̀, Hannah, ló dúró nílé tó ń ṣòwò, tó ń tọ́jú wọn. Mo sọ èyí fún ìyá mi, wọ́n ní, "Ẹ ò rí i? Ẹni tó kàwé la mọ̀. Ta ló sọ̀rọ̀ ẹni tó sanwó oúnjẹ?" Mi ò ní èsì.

Mo tún sọ ìtàn Kimani Maruge fún wọn, bàbá àgbà ará Kenya tó wọ kíláàsì kìíní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004, lẹ́ni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ìjọba Kenya ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ lọ́dún tó ṣáájú ni, kò sì sí ẹni tó ní ọ̀fẹ́ náà kò kan arúgbó. Ó wọ ṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ bíi tàwọn ọmọdé, ó jókòó síwájú. Bàbá mi gbọ́ ọ parí, ó ní òun kò ní wọ ṣòkòtò péńpé o, ṣùgbọ́n òun gbà pé kí òun jókòó síwájú.

Ibi tí mo ti wá wọ ọ̀rọ̀ náà gan-an ni Oral English. Ìlànà ìgbà tí bàbá mi fi ń kàwé ti rọ́ mọ́ ọn lórí, Oral sì ń bà á lẹ́rù. Èmi ni mò ń ka ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, torí náà èmi ni wọ́n yàn ní tíṣà. Nígbà ìsinmi, láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́sàn-án, a máa ń jókòó ní gbọ̀ngàn, ìwé á wà láàárín wa.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni fáwẹ́lì. "Ship" àti "sheep", "ṣíìpù" kan náà ni lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀. Èdè wa kì í fi gígùn fáwẹ́lì pààlà báyẹn. Ṣùgbọ́n igbá, igba, ìgbá àti ìgbà kò lè ṣì í lọ́wọ́ láé, òyìnbó tó bá sì fẹ́ kọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á laagùn. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún un, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ti rò pé etí òun ló ti darúgbó. Ìṣòro kejì ni "stress". Mo ṣàlàyé, kò yé e. Mo tún un ṣe, kò yé e. Òun fúnra rẹ̀ ló rí ọ̀nà àbáyọ. Ó ní, "Ṣé bíi hòòn ni? Ẹni tó bá tẹ hòòn lẹ́ẹ̀mejì, ó máa ń tẹ ọ̀kan gùn ju èkejì lọ." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, hòòn ló fi ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé náà. "Export" tó jẹ́ orúkọ: pííì-pì. "Export" tó jẹ́ ìṣe: pì-pííì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n rò pé orin ni.

Ìṣòro kẹta ni èmi. Báwo ni ọmọ ṣe ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé ó ṣì í? Mo kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, mo jókòó bá a wí lálẹ́. Ohun tí ẹnu mi ń sọ láìròtẹ́lẹ̀ ni, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká tún un kà." Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú "ká" yẹn. Ó fi èmi náà sínú àṣìṣe náà, bí ẹni pé àwa méjèèjì la jọ ṣì í, kí ìtìjú má bàa dá kan ẹnì kan. Yorùbá kún fún irú ìrọ̀rí bẹ́ẹ̀, a máa ń fi sábẹ́ ọ̀rọ̀ kó má bàa dun àgbà.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin, bàbá mi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Àwa wo ni? Ta ló ṣì í?"

Mo ní, "Bàbá, mi ò..."

"Èmi ni mo ṣì í. Sọ pé mo ṣì í. Tí o bá ń pọ́n mi lé báyìí, màá wọ yàrá ìdánwò tán kí n tó mọ ohun tí mi ò mọ̀. Ṣé tíṣà yín máa ń sọ fún ẹ pé ẹ jẹ́ ká?"

A wá fẹnu kò sí ọ̀kan. Láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, màá sọ pé, "Ẹ ṣì í, sà." "Ẹ" wà níbẹ̀, "sà" wà níbẹ̀, òótọ́ náà sì wà láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni mo ti kà nípa ìmọ̀-ìlò-èdè ní ẹ̀ka wa, ṣùgbọ́n gbólóhùn ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí ló kọ́ mi jù nípa bí ọ̀wọ̀ àti ẹ̀kọ́ ṣe lè gbé inú ilé kan láìjà. Ó sì jẹ́ kí n rántí Dádì tiwa ní ọdún kìíní. Àwọn tó yẹra fún bíbi í ní ìbéèrè tó le ti pọ́n ọn lé títí wọ́n fi fi ẹ̀kọ́ dù ú.

Bàbá mi kọ GCE ní ọdún kejì mi. Ó gba kírédíìtì ní Yorùbá, ní Ìmọ̀ Bíbélì, ní Economics àti ní Government. Ó gba D7 ní Gẹ̀ẹ́sì àti F9 ní Ìṣirò. A yọ̀ gan-an. Ẹni tó ti kúrò ní kíláàsì láti 1992 ló gba mẹ́rin.

Ní ọdún kẹta mi, ó fẹ́ kọ méjì tó kù. Ọ̀sẹ̀ tó yẹ kó ra fọ́ọ̀mù ni iléèwé kéde iye owó tuntun. Bàbá mi kò tilẹ̀ jókòó rò ó. Ó ní kí ìyá mi kó owó ọjọ́ Àbámẹ́ta jáde, wọ́n sì fi kún tèmi. Nígbà tí mo sọ pé kí n dúró ní sáà kan, ohùn rẹ̀ le: "Iléèwé tèmi lè dúró. Ó ti dúró fún ọgbọ̀n ọdún."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi kọ nǹkan tí ẹ ń kà yìí. Nínú ilé tí ènìyàn márùn-ún ti ń kàwé, ẹ̀kọ́ bàbá ni a kọ́kọ́ máa ń gé kúrò, bàbá fúnra rẹ̀ ló sì máa ń mú ọ̀bẹ. Kò sí ẹni tí yóò bá a wí, torí ohun tí à ń pè ní bàbá rere gan-an nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá wá fẹ́ ran bàbá lọ́wọ́ láti padà sí iléèwé, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó wá ni ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ náà kò ní máa bá ti àwọn ọmọ dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn kan.

Àwọn ọ̀nà yìí wà, ọ̀pọ̀ bàbá ni kò sì mọ̀ wọ́n. Mo to àwọn tí mo mọ̀ síbí, kí ẹ lè sọ fún ẹni tó bá bi yín.

Ẹni tí kò lè kọ tàbí kà rárá, kíláàsì mọ̀ọ́kọmọ̀ọ́kà ni kó wá. Àjọ ìjọba àpapọ̀ kan wà fún un láti ọdún 1990, àwọn ìpínlẹ̀ náà sì ní tiwọn. Àwọn ìjọ àti mọ́ṣáláṣí kan ń ṣe é pẹ̀lú.

Ẹni tó ti dé sẹ́kọ́ńdìrì ṣùgbọ́n tí kò parí, WAEC máa ń ṣe ìdánwò fún àwọn tí kò sí ní iléèwé mọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, NECO náà sì ń ṣe tirẹ̀ ní ìparí ọdún. Kò sí ọjọ́ orí tó pọ̀ jù. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ má gbàgbé NABTEB. Ìdánwò wọn ń fi iṣẹ́ tí ọwọ́ mọ̀ ṣe máàkì, láti orí iná ilé dé orí ọkọ̀ títúnṣe, ìwé ẹ̀rí wọn sì dọ́gba pẹ̀lú ti WAEC lójú yunifásítì. Ọdún 1992 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọdún kan náà tí bàbá mi fi iléèwé sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́. Kò sí ẹni tó sọ fún un.

Tíṣà tó fẹ́ gba NCE láìfi iṣẹ́ sílẹ̀, National Teachers' Institute ti Kàdúná ti ń ṣe irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ní òpin ọ̀sẹ̀ àti nígbà ìsinmi. Ẹni tí Ọlọ́run pè sí iṣẹ́ ìwàásù, ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi ti wà nílùú wa láti ọdún 1898, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì ń kàwé níbẹ̀ jẹ́ ọkọ àti bàbá. Kò sí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ọ̀rọ̀ bàbá tó gbé báàgì ìwé yẹ kó jọ lójú.

Fún yunifásítì, ẹ̀kọ́ àtòkèèrè ló bá bàbá mu jù. Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ la irú ọ̀nà yìí gbòòrò pẹ̀lú Open University wọn ní 1969. Tiwa, NOUN, òfin rẹ̀ jáde ní 1983, ìjọba ológun pa á tì lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sì sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Ọbásanjọ́ tó jí i. Bàbá yẹn náà wá forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò lórí oyè, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni ní 2018, nígbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. NOUN kì í béèrè UTME. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀, torí náà ẹni tówó rẹ̀ kò tó lè mú mẹ́ta dípò mẹ́jọ ní sáà kan, kó má bàa gé e kúrò pátápátá. Ibùdó wọn wà ní Ìbàdàn, Ìlọrin àti Òṣogbo, tó yí wa ká. Yunifásítì Ìbàdàn ní Distance Learning Centre, LAUTECH náà sì ti ní tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òfin kan tó ń dá àgbà lóró jù, kẹ́ ẹ lè tètè kìlọ̀ fún wọn. Kírédíìtì márùn-ún ni iléèwé ń béèrè, Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, Ìṣirò náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì. Wọn kì í sì í gbà ju ìjókòó méjì lọ. Bàbá mi tún ìdánwò kọ lọ́dún tó kọjá. Ó gba C6 ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó wá bá mi nínú ilé ìdáná, ó fi fóònù hàn mí, kò lè sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà la wo ti Ìṣirò: E8.

Ohun tó túmọ̀ sí nìyí. Bó bá tún kọ Ìṣirò nìkan, tó sì yege, yóò ti di ìjókòó mẹ́ta. Kò sí ẹni tí yóò gbà á. Ó gbọ́dọ̀ kó ìdánwò àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ èyí tó ń bọ̀, kó sì gba Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò pọ̀ níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó ti gbà, tó fi hòòn kà, tó sunkún lé lórí, bí ẹni pé kò gbà á ni. Èmi ni mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Mo sọ ọ́ láìfi ìrọ̀rí kankan sábẹ́ rẹ̀, bó ṣe ní kí n máa ṣe. Ó jókòó pẹ́. Ó ní, "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba." Ó dìde, ó lọ ti géètì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde ní ẹ̀ka wa, tí ẹ wà káàkiri, mo ní ẹ̀bẹ̀ méjì. Ìkíní: àwa la mọ bí èdè ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ bàbá ló ń kùnà ní Gẹ̀ẹ́sì torí wọ́n kọ́ ọ bí ẹni pé wọn kò ní èdè kankan tẹ́lẹ̀. Ibi tí mo mọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe lẹ́sìnnì GCE nílùú wa, àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi sọ́kàn. Àárọ̀ ni wọ́n ń ṣe é, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù wà ní ṣíṣí, tíṣà ibẹ̀ sì fi bàbá mi ṣe ẹlẹ́yà lẹ́ẹ̀kan, kò sì padà lọ mọ́. Bí ẹni méjì nínú wa bá lè ṣe kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú fún àwọn àgbà nínú ìlú tí wọ́n bá wà, tí wọ́n sì fi Yorùbá ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì fún wọn, a ò ní nílò owó púpọ̀. Yàrá kan, pátákó kan, ìwé ìbéèrè àtijọ́, àti iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa, torí ojú àgbà kì í ríran lábẹ́ gílóòbù tó ń ṣẹ́jú.

Èkejì: bí bàbá kan bá wọ kíláàsì yín, ẹ fún un ní "ẹ" rẹ̀, ẹ fún un ní "sà" rẹ̀, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè tó le. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sínú iṣẹ́ àkójọpọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣe ìpín tirẹ̀. Ẹ má máa ṣe é fún un. Bó bá ṣì í, ẹ sọ fún un.

Ní tèmi, màá parí lọ́dún yìí. Project mi ku orí kan. Bàbá mi ku ọdún kan kó pé àádọ́ta, Ìṣirò ló sì ń kọ́ báyìí lọ́dọ̀ àbúrò mi, tó ti gba B3 tirẹ̀, tó sì ń sọ "Ẹ ṣì í, sà" láìbẹ̀rù rárá. Owó fọ́ọ̀mù tó ń bọ̀ ti pé. Ìyá mi so ó mọ́ inú ọ̀rá, wọ́n rì í sínú ike gààrí, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún gbogbo wa pé ohunkóhun tí ì báà ṣẹlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, títí kan bàbá fúnra rẹ̀.